Mo fẹ́ mú akàn létí omi l'Ìlàjẹ láìwọ ọkọ̀: ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé uyì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìgbókòdá, ó sì ti ránṣẹ́ pé ká wá lo ìsinmi ọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ òun. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí èmi àtàwọn ọmọ mú akàn fúnra wa. Kì í ṣe ti títà o, ìwọ̀nba tá a máa sè lálẹ́ ni, káwọn ọmọ náà lè mọ̀ pé inú fíríìsà kọ́ ni wọ́n ti ń bí ẹja.

N ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi rárá. Àwọn ọmọ ò mọ̀wẹ̀, èmi gan-an tí wọ́n bí sábẹ́ òkè Olósùnta, òkúta ni mo mọ̀ ọ́n gùn, n ò mọ omi. Etí omi la máa dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, irú pàkúté wo ló yẹ ká gbé dání? Kí ni ká fi ṣe ìjẹ? Ṣé iwájú òkun gan-an la máa lọ ni àbí ibòmíì? Mo tún rí akàn kan lórí fóònù tí ọwọ́ rẹ̀ búlúù rekete, wọ́n ní ará Amẹ́ríkà ni. Ṣé irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa?

Jagun Adó

Akàn tún ti di ohun tí à ń gba ìmọ̀ràn lé lórí! Nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a bá ti oko dé, odò la máa kọ́kọ́ yà sí. O máa rọra yí òkúta, tàbí kó o ti ọwọ́ bọ ihò etí odò títí dé ìgbúnwọ́. Ohun tó bá gé ọ lọ́wọ́, òun náà nìyẹn. Àwọn àgbà ní tiwọn ń dẹ ìgèrè sójú ìṣàn, wọ́n á lọ wò ó láàárọ̀.

Gbé ìgèrè méjì dání, fi ẹ̀kọ sínú ẹ̀, o ti ṣe tán. Akàn ni akàn ń jẹ́.

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja

Ọkọ mi ará Adó, ẹ má bínú sí ìyàwó yín o, akàn ju akàn lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Adó ni mo ti ń ṣe ilé ọkọ, ẹja ni mo sì ń tà. Ẹ jẹ́ kí n dá Ọmọ Olósùnta lóhùn.

Akàn odò yín, ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ̀ ọ́ lọ sílé rẹ̀. Akàn ọ̀sà, òun ló máa tọ̀ yín wá. Ó ń wẹ̀ káàkiri ni, kò ní ihò kan pàtó tẹ́ ẹ lè ki ọwọ́ bọ̀. Òórùn ló sì fi ń wá oúnjẹ. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ ò ju pé kẹ́ ẹ gbé ohun tó ń rùn síbi tí omi á ti gbé òórùn yẹn lọ bá a, kẹ́ ẹ sì mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa fà á sókè. Àwọn tó ń kó owó lé pàkúté ńláńlá, tí wọn ò mọ irú omi tí wọ́n dúró sí, ọwọ́ òfo ni wọ́n ń gbé relé.

Nítorí náà, ẹ má lọ síwájú òkun. Àrarọ̀mí dára fún ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n ìgbì ibẹ̀ á yí àwọ̀n yín pọ̀ mọ́ iyanrìn, ó sì lè gbé ọmọ lọ. Ayétòrò náà ńkọ́? Òkun ti jẹ púpọ̀ lára ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947 yẹn, n ò ní sọ pé kí àlejò lọ kó ọmọ jókòó sétí omi níbẹ̀. Inú ọ̀sà ni kẹ́ ẹ wá, tàbí ẹsẹ̀ omi tó yà wọ ilẹ̀, níbi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti ń pàdé, tó ní afárá onípákó tàbí èbúté tó dúró dáadáa. Tẹ́ ẹ bá tọ́ omi ibẹ̀ wò tí kò ní iyọ̀ kankan lẹ́nu, ẹ tẹ̀ síwájú sí apá òkun. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kí ará ibẹ̀, kẹ́ ẹ bèèrè ibi tẹ́ ẹ lè dúró sí. Omi yẹn ni wọ́n fi ń jẹun, ojúko àwọ̀n ẹlòmíì lè wà níbi tẹ́ ẹ rò pé kò sí nǹkan kan.

Ohun èlò: irin róbótó kan tó fẹ̀ tó ẹnu agbọ̀n ńlá. Ẹ ran àwọ̀n mọ́ ọn kó ṣe àpò sísàlẹ̀, ẹ so okùn mẹ́ta mọ́ etí irin náà kí wọ́n pàdé lókè, kẹ́ ẹ wá so okùn gígùn kan mọ́ ọn. Ìjẹ á wà ní àárín gbùngbùn, ẹ dè é, ẹ má kàn gbé e lé e. Tó bá dé ìsàlẹ̀ omi, irin náà á sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, akàn á rìn wọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fà á, ẹ fà á kíá, ẹ má dúró láàárín ọ̀nà láti wo ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá ti mọ̀ pé òun ń gòkè báyìí, tẹ́ ẹ sì dáwọ́ dúró, á wẹ̀ jáde mọ́ yín lójú.

Ìjẹ: orí ẹja, ìfun adìẹ, ọrùn adìẹ. Èmi fẹ́ràn orí ṣàwá torí epo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn adìẹ ló ń pẹ́ jù, awọ rẹ̀ yi, akàn ò lè tètè já a jẹ. Ẹ̀kọ kọ́ o, ọkọ mi! Ẹ̀kọ á yọ́ sómi kí akàn tó gbọ́ pé ẹ dé.

Ìgbà: ẹ̀ẹ̀mejì lomi ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún bọ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, torí akàn máa ń bá omi wọlé wá wá oúnjẹ létí bèbè. Tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, òórùn ìjẹ yín ò lọ síbì kankan, ẹ lè lọ jẹun nígbà yẹn. Àkókò tí omi ń kún máa ń fi bí ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ́ sí i lójoojúmọ́, ẹ má rò pé aago tẹ́ ẹ bá a lánàá lẹ máa bá a lónìí. Àjíǹde dára, ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ nígbà yẹn, iyọ̀ ṣì wà nínú ọ̀sà. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa tí odò sì kún wọ ọ̀sà, iyọ̀ ibẹ̀ á dínkù, púpọ̀ nínú àwọn akàn á sì sún mọ́ òkun.

Jagun Adó

Ìyàwó wa, mo gbà. Mo ti mú ẹ̀kọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Tísà Ìkọ̀lé

Ẹ kú àlàyé mà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un torí ìbéèrè tó ṣẹ́kù, ìyẹn ti akàn búlúù. Bàólójì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ fara dà á fún mi.

Èyí tí Ọmọ Olósùnta rí lórí fóònù ni Callinectes sapidus. Etí òkun Àtìláńtíìkì ní Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ tó wà nínú ọ̀sà tiwa ni Callinectes amnicola, òun ni Ìyá Ìbejì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n jọra débi pé ohun tí wọ́n fi ń mú ọ̀kan náà ni wọ́n fi ń mú èkejì: igbá ẹ̀yìn wọn fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ṣóńṣó gígùn kan wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹsẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn sì tẹ́ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí àjẹ̀ yẹn, akàn tó ń wẹ̀ ni.

Mo sọ ọ́ torí pé akàn mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ní búlúù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ohun kan náà. Cardisoma armatum ni, orí ilẹ̀ ló ń gbé, ó ń gbẹ́ ihò sínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà, ewé àti èso ló sì ń jẹ jù. Kò ní àjẹ̀. Ẹ lè fi ọrùn adìẹ sínú omi títí ilẹ̀ á fi ṣú, òun ò ní wá. Òun ló jọ akàn odò tiwa l'Èkìtì ní ti pé ó ní ihò.

Akàn odò Èkìtì ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹbí tó sún mọ́ wọn rárá. Sudanonautes ni wọ́n ń pè é. Kò fi omi iyọ̀ ṣe nǹkan kan láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Abẹ́ ikùn ìyá rẹ̀ ni ẹyin ti ń pa, akàn kéékèèké tó pé lọ́wọ́ pé lẹ́sẹ̀ ló sì ń jáde. Akàn ọ̀sà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin tirẹ̀ á pa di ohun wínníwínní kan tó ń léfòó, tí kò jọ akàn, omi iyọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kó má bàa kú. Abo tó fẹ́ pa ẹyin máa ń rìn lọ sápá òkun ni. Ẹ tẹ̀ lé odò Ọ̀ṣun láti orísun rẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì, ẹ dẹ ogún ìgèrè, ẹ ò ní bá akàn alájẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ọmọ Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Ìbéèrè kan: tó bá ti wọ inú àwọ̀n ńkọ́, báwo la ṣe ń dì í mú? Àbíkẹ́yìn mi ò gbọ́ràn, ohun tó bá ti ń rìn ló ń nawọ́ sí.

Ọmọ Èkìtì ní Maryland

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí, torí iṣẹ́ ìgbafẹ́ wa níbí nìyẹn nígbà ooru. Ọmọ Ìjerò ni mí. Itòsí Chesapeake Bay, ẹsẹ̀ omi òkun ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé, ibẹ̀ sì ni akàn búlúù tí ẹ̀ ń wò lórí fóònù wà.

Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti mú un, ní ìdí àjẹ̀ yẹn gan-an, níbi tó ti so mọ́ ara. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé ibẹ̀. Tó bá gé èèyàn jẹ, kí onítọ̀hún má fà á já. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà á ló ń fún mọ́ ọn. Ẹ ki ọwọ́ àti akàn bọ omi padà, á fi yín sílẹ̀ kó lè sá lọ. Ní ti ọmọdé, ẹ ra ìbọ̀wọ́ aláwọ fún un, kẹ́ ẹ sì ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tó jìn.

Mo fẹ́ sọ nípa ọ̀nà kan tí kò ná yín ní nǹkan kan, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn ọmọ. Ẹ so ọrùn adìẹ mọ́ okùn, ẹ so òkúta kékeré mọ́ ọn kó lè rì, ẹ jù ú sómi, ẹ di orí okùn mú. Tí akàn bá ti dì mọ́ ọn, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ fúnra rẹ̀. Ibí yìí ni sùúrù wà: ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sún rárá. Oúnjẹ ti wọ̀ ọ́ lójú, kò ní jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jáde lómi, torí bó bá ti rí afẹ́fẹ́ ló máa já bọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń rí i fírífírí nísàlẹ̀, ẹnìkejì á ti àwọ̀n tó ní ọ̀pá gígùn bọ abẹ́ rẹ̀, á gbọ́n ọn sókè. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Ọmọ á di okùn, bàbá á di àwọ̀n. Ìrìn yín náà kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí i lójú o, òjìji tó bá kọjá lórí omi á lé e lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí yàtọ̀ sí ti Ìyá Ìbejì. Irin alápò, kíákíá ni. Okùn lásán, jẹ́jẹ́ ni.

Òfin ibí le díẹ̀. Ẹni tó ń mú un fún ìgbafẹ́ kò gbọ́dọ̀ mú abo lọ sílé rárá, akọ nìkan ni. Igbá rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó gbọ́dọ̀ tó íǹṣì 5 ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, láti ọjọ́ 15 oṣù Keje ó di íǹṣì 5 àti ìlàrin. Rúlà ló wà lápò wa. Èyí tí kò tó, a ó dá a padà sómi. Nígbà òtútù, kò sí akàn láti mú, inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń rì ara wọn sí títí ooru á fi dé.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Mo kí gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má kó òfin òyìnbó wá bá wa o. Èwo ni pé ká má jẹ abo? Abo tó ní ẹyin, ṣebí òun gan-an ni akàn. Mo ti gbé Ẹ̀pẹ́ rí nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ọba. Ẹni tó bá bọ́ lọ́jà níbẹ̀, abo ẹlẹ́yin ló máa ń bèèrè. Ìyá Ìbejì wà níbí, kó sọ òótọ́.

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ lẹ sọ, mò ń tà á, wọ́n sì ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹyin méjì ló wà, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí tó pupa yẹ́ríyẹ́rí nínú igbá, tí èèyàn máa ń rí tó bá ṣí i lẹ́yìn sísè, òun ni adùn tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Kò tíì jáde nígbà yẹn. Èyí kejì ti jáde, ó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀ gbàgàdà bíi kànrìnkàn. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó máa ń pọ́n bí ọsàn. Bó bá ti ń dúdú, ó ti ń múra àtipa nìyẹn. Èyí tó ti dúdú yẹn, Bàbá, ẹ má fi ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín mú mi purọ́, kò dùn. Bí iyanrìn ló ń rí lẹ́nu. Àwọn oníbàárà tó mọ̀ ọ́n kì í rà á lọ́wọ́ mi. Torí náà, èyí tí ẹyin rẹ̀ wà níta, dídá a padà kò ná yín ní adùn kankan.

Tísà Ìkọ̀lé

Ìyá Ìbejì ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Mo kàn fẹ́ ká mọ ìdí.

Abo akàn búlúù ti Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń gba akọ láyé rẹ̀, lásìkò tó bá bọ́ igbá fún ìgbà ìkẹyìn. Ohun tó gbà nígbà yẹn ló ń tọ́jú sára, tó fi ń pa ẹyin léraléra. Ẹyin ẹ̀ẹ̀kan lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Bàbá lè sọ pé nígbà tí ẹyin pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni à ń ṣàníyàn fún? Púpọ̀ jù nínú wọn ni ẹja máa jẹ kí wọ́n tó jọ akàn. Mílíọ̀nù yẹn kì í ṣe ọrọ̀, àdánù ni wọ́n ti ṣírò mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ akọ yàtọ̀, ẹ yí i kí ikùn rẹ̀ kọjú sókè, ẹ wo ìdérí ikùn náà. Ti akọ tín-ín-rín. Ti abo tó ti dàgbà fẹ̀, ó sì róbótó. Ti abo tí kò tíì dàgbà jẹ́ onígun mẹ́ta.

Ọmọ Èkìtì ní Maryland

Ti ọ̀dọ̀ wa, ẹ ò tiẹ̀ nílò kẹ́ ẹ yí i. Ọwọ́ abo máa ń pupa ní ṣóńṣó, bí ẹni kun èékánná.

Bàbá, ẹ ṣeun sà. N ò kó òfin òyìnbó wá, mo kàn ń ròyìn ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń mú un ṣòwò níbí ní ìlànà tiwọn, wọ́n ń mú abo dé ìwọ̀n kan. Àwa tá à ń ṣe é fún eré ni wọ́n ní ká fi abo sílẹ̀. Sí mi, ó tọ̀nà: ẹni tí ebi ò pa kò yẹ kó bá ẹni tó ń fi bọ́ ọmọ du abo.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn wọ̀ mí létí. Ti Tísà, mo ṣì ń rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ta ló ń dá akàn kan padà tí àwọ̀n ńlá kò ní kó o lọ́la? Akàn kan tí Ọmọ Olósùnta dá padà kò lè kún ọ̀sà.

Jagun Adó

Bàbá, ohun tá à ń sọ nígbà tiwa náà nìyẹn. "Àkèrègbè kan omi kò lè gbẹ odò." Ẹ lọ wo odò tí mo sọ pé a ti ń yí òkúta nígbà èwe, kò sí akàn níbẹ̀ mọ́. Gamalin ló pa á. Àwọn tó ń fi Gamalin pa kòkòrò lórí kòkó ló gbé e lọ sódò, wọ́n dà á sínú omi, ẹja fò sókè, wọ́n kó o. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹja ṣì padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Akàn kò padà.

Tísà Ìkọ̀lé

Ó ní ìdí, Jagun. Oògùn tí wọ́n ṣe láti pa kòkòrò ni, akàn àti kòkòrò sì jẹ́ ẹbí kan náà: eegun wọn wà níta, oríkèé ló kún ẹsẹ̀ wọn. Ohun tó ń pa kòkòrò lórí kòkó máa ń pa akàn àti edé kíákíá. Ẹja lè ti ìsàlẹ̀ odò rìn wá padà. Akàn tí ìyá rẹ̀ ń gbé ọmọ sábẹ́ ikùn, tí kì í rìn jìnnà, ta ni yóò wá rọ́pò rẹ̀? Ẹ má sì jẹ ẹja tẹ́ ẹ bá bá tó léfòó lórí omi bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó gbé ìjíròrò yìí lọ sí ibòmíì, torí mo rí i pé Jagun ń fi akàn odò yangàn.

Akàn odò, èyí tó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀, ẹ sè é dénú. Ẹ má kàn rà á lójú iná fún ìgbà díẹ̀ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe lóko. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Paragonimus tó máa ń fara pamọ́ sínú ẹran rẹ̀. Tí èèyàn bá jẹ ẹ́ láìjinná, á rìn láti inú ìfun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á jókòó síbẹ̀. Onítọ̀hún á máa wúkọ́, á máa tu itọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀, gbogbo èèyàn á sì máa pè é ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n á fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò ní gbọ́. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 jẹ́ kí àìsàn yìí tàn ká apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, torí ebi mú káwọn èèyàn máa jẹ akàn odò bó ṣe wù kó rí. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni. Tẹ́ ẹ bá ń wúkọ́, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ jẹ akàn.

Ti ọ̀sà: ẹni tó bá ní egbò lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́, kó má ti í bọ omi iyọ̀ náà. Bakitéríà tó ń jẹ́ Vibrio wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ó sì burú fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀. Bí akàn bá gé yín jẹ, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá wú tó sì ń pọ́n lọ sókè láàárín ọjọ́ kan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má fi àgúnmu dá a dúró.

Ọmọ Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ẹ ṣé mà, Nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ ọmọ mi kejì ní egbò, òun á jókòó sọ́nà jíjìn.

Mo fẹ́ mú díẹ̀ bọ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́. Mo ti ń ronú láti ra kẹ́ẹ̀gì ńlá, kí n bu omi ọ̀sà sínú rẹ̀, kí n kó wọn sínú omi náà kí wọ́n má bàa kú lójú ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja

Rárá o! Òun gan-an ló máa pa wọ́n. Omi tí kò ṣàn, akàn púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á mí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó kọjá Okitipupa. Apẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó wọn sí. Ẹ rẹ àpò ìdọ̀họ sómi ọ̀sà, ẹ fún un díẹ̀, ẹ fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ara tó tutù ló ń jẹ́ kí wọ́n máa mí. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ náà sí ibi tí oòrùn ò dé, ẹ má tì í mọ́ inú búùtù. Tẹ́ ẹ bá ní yìnyín, ẹ fi sísàlẹ̀, ẹ tẹ́ nǹkan lé e kí akàn má bàa dúró nínú omi tó bá yọ́.

Èyí tó bá kú lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ kò sì mọ ìgbà tó kú, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹran rẹ̀ tètè ń bàjẹ́. Kò sí owó níbẹ̀ tó yẹ kó fa inú rírun.

Jagun Adó

Pàkúté wáyà tí wọ́n ń ṣe bí ilé, tí wọ́n ń fi sílẹ̀ sómi di ọjọ́ kejì ńkọ́? Ojú oorun la máa fi mú akàn, iṣẹ́ ti parí.

Ọmọ Èkìtì ní Maryland

Ó wà níbí. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà létí omi lè dẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi férémù kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ìjàpá omi wọlé. Ìjàpá kò lè mí lábẹ́ omi. Tó bá wọlé tí kò rí ọ̀nà jáde, á kú. Tí okùn rẹ̀ bá sì já, pàkúté náà á máa pa nǹkan lọ nísàlẹ̀ omi láìsí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Fún ẹni tó ń lọ ṣe ìsinmi, n ò rí ìdí tó fi yẹ kó dẹ ohun tí kò ní dúró tì.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó fẹ́ mú alákàn náà, kó fojú ṣọ́ pàkúté rẹ̀.

Ọmọ Olósùnta, bí o bá ń bọ̀, rántí Ẹ̀fọ̀n. Akọ ni kó o mú wá, kí Tísà má bàa bá mi jà.

Ọmọ Olósùnta (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ó di dandan sà. Mo ti ra irin róbótó méjì lọ́dọ̀ wẹ́ẹ̀dà, mo sì ti ra wáyà tín-ín-rín tí mo fẹ́ fi hun àpò rẹ̀ dípò àwọ̀n. Sísè rẹ̀ ló kù.

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ja

Ẹ dá wáyà yẹn padà, kẹ́ ẹ gba owó yín. Omi iyọ̀ á jẹ ẹ́, bí akàn bá sì gún ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lára, ẹ ò ní rí i yọ láìṣẹ́ ẹ. Àwọ̀n ọlọ́ràá tí wọ́n fi ń pẹja ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ sì kun irin náà lọ́dà kẹ́ ẹ tó máa lọ.

Sísè: ẹ kọ́kọ́ fi yìnyín tàbí omi tútù púpọ̀ mú kí ara rẹ̀ kú tipiri kó má bàa jà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ gbé e sórí omi tó ń hó pẹ̀lú iyọ̀, ata rodo, àlùbọ́sà àti ewé ẹfinrin, kó wà níbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kó pọ́n látòkè délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí igbá rẹ̀, ẹ máa rí ohun kan tó rí bí ìka funfun rírọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ohun tó fi ń mí nìyẹn, ẹ yọ ọ́ sọ nù. Ìyókù, ẹ lè dà á sínú ọbẹ̀ ata pẹ̀lú irú.

Mo mọ̀ pé iyán lẹ máa fẹ́ fi jẹ ẹ́. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín wá púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwa, fún yín.

Jagun Adó

Púpurú kẹ̀? Ìyàwó wa, ibí yìí la ti máa yapa.